Ohun Tí Mo Fi Pamọ́ Sábẹ́ Ẹja

Mi ò jowú ọkọ rí láyé mi. Nígbà tí ọkọ mi wà láyé, bí obìnrin bá ń bá a rẹ́rìn-ín, èmi náà á bá wọn rẹ́rìn-ín, n ó sì padà sídìí ẹja mi. Èémí ni mo wá ń jowú rẹ̀ nígbà tí mo ń súnmọ́ àádọ́ta ọdún. Mo jowú ọkùnrin tó ń ti ọmọlanke omi gun òkè Ali Kazaure ládùúgbò wa ní Jos tó sì tún ń súfèé. Mo jowú àwọn ọmọ ilé kéú tó ń pariwo láìsinmi. Mo jowú ewúrẹ́ aládùúgbò wa, tó máa ń ké láti àárọ̀ títí di ọ̀sán nítorí èèpo iṣu tí wọn kò fún un. Ṣùgbọ́n gbogbo ìyẹn, owú ojú ọ̀nà ni. Èyí tó jókòó sí mi láyà, orí àbúrò mi obìnrin ló dá lé, ọmọ ìyá mi, ọmọ tí mo fi ẹ̀yìn ara mi pọ̀n.

Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe bẹ̀rẹ̀ kò le. Nínú ọyẹ́ kan tí kò tíì jìnnà, òtútù àyà kọlu àbúrò mi. Ọkọ rẹ̀ wà lẹ́nu iṣẹ́ ní ìlú mìíràn, nítorí náà mo ti ṣọ́ọ̀bù ẹja mi, mo di aṣọ mẹ́ta, mo wọ kẹ̀kẹ́ Nápẹ́ẹ̀pù lọ sí Rayfield níbi tí wọ́n ń gbé, lẹ́bàá ihò kùsà àtijọ́ kan tí omi ti kún. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni mo lò níbẹ̀. Mo gbé e jókòó, mo fọ aṣọ tó fi òógùn rin, mo gbá a lẹ́yìn jẹ́jẹ́ kí kẹ̀lẹ̀bẹ̀ lè jáde. Nígbà tí oògùn ràn án, tó ń béèrè túwó, mo padà sílé pẹ̀lú ikọ́ rẹ̀ lọ́fun mi. Ọ̀sẹ̀ tí ó padà sẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ rẹ̀ ni wọ́n gbé èmi lọ sí ọsibítù, tí wọ́n fi ọ́síjìn sí mi nímú, tí mo sì lo oṣù kan àti ààbọ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì. Ẹni tó yọ èèyàn nínú kànga ló wá jìn sí i.

Mo yè. Gbogbo èèyàn ló ní kí n dúpẹ́, mo sì dúpẹ́. Ṣùgbọ́n láti ẹnu ọ̀nà ilé wa dé ìdí ẹ̀rọ omi, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ń dúró. Bí mo bá fẹ́ pe oníbàárà tó ti ń kọjá lọ, ohùn mi á kú sọ́nà kó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Bí mo bá ń kírun, láàárín ẹsẹ kan ṣoṣo mo máa ń gba afẹ́fẹ́ sínú bí ẹni tó sáré dé. Ẹni tó bá ti rí irú rẹ̀ nìkan ló mọ̀ pé a lè wà láyè kí afẹ́fẹ́ ayé má sì tó èèyàn mí.

Ilé ìwòsàn ni mo ti mọ orúkọ ohun tó ń ṣe mí lọ́kàn. Àbúrò mi ló sìn mí lọ lọ́jọ́ náà. Dókítà wa, obìnrin ni, ọmọ ilẹ̀ Plateau gan-an, kò gbọ́ Yorùbá, Hausa la jọ ń sọ. Ó ní fọ́tò àyà àbúrò mi tí wọ́n yà lẹ́yìn àìsàn tirẹ̀ lọ́wọ́, ó gbé e sójú iná lẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi kí n lè rí ìyàtọ̀. Tirẹ̀ mọ́ kedere. Tèmi rí bí igun àjà tí aláǹtakùn ti gbà.

Dókítà ní nínú ẹ̀dọ̀fóró gbogbo èèyàn, àwọn sẹ́ẹ̀lì kan wà tí iṣẹ́ wọn kò ju pé kí wọ́n máa tún àwọn àpò kéékèèké tí afẹ́fẹ́ ń wọ̀ ṣe. Bí àìsàn bá ba ibẹ̀ jẹ́, àwọn ni wọ́n á pọ̀ sí i, wọ́n á sì hu awọ tuntun. Ti àbúrò mi ti ṣe bẹ́ẹ̀. Tèmi kò rí i ṣe, ara wá fi àpá dí ojú ọgbẹ́, bí àǹkárá tó ya tí télọ̀ fi awọ màlúù lẹ̀. Kò ní ya mọ́, ṣùgbọ́n kò ní fẹ̀ bí aṣọ mọ́.

Mo bi í pé kí ló dé tí tirẹ̀ fi hù padà tí tèmi kò hù. Ó ní ọjọ́ orí wà níbẹ̀, bí àìsàn náà ṣe wọlé tó wà níbẹ̀, àwọn nǹkan mìíràn sì wà tí ẹnikẹ́ni kò tíì mọ̀. Àbúrò mi di ọwọ́ mi mú. Mo fa ọwọ́ mi yọ, mo ṣe bí ẹni ń wá ìnujú nínú báàgì. Owú ni. Mo mọ̀ ọ́n bí mo ṣe mọ òórùn ẹja tó ti ń bàjẹ́, mo sì jókòó tì í.

Mo tún bi dókítà bóyá a lè mú ẹ̀dọ̀fóró tuntun hù. Ó ní ohun tí àwọn onímọ̀ ń wá kiri nìyẹn ní òkè òkun. Wọ́n ń mú sẹ́ẹ̀lì láti inú ìwọ́ ọmọ àti ibi ọmọ, èyí tó máa ń tẹ̀ lé ọmọ jáde, bí àwọn ìyá bá fi tọrẹ lẹ́yìn ìbímọ. Wọ́n ń wò ó bóyá ó lè ran ẹ̀dọ̀fóró tó bàjẹ́ lọ́wọ́ láti tún ara rẹ̀ ṣe. Ó ní ìwádìí ni o, kò tíì di oògùn, kí n má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tà á fún mi lórí fóònù. Ó sọ ọ̀rọ̀ púpọ̀ sí i. Èmi kò gbọ́ ju ìwọ́ ọmọ àti ibi ọmọ lọ, nítorí oyún oṣù mẹ́ta wà nínú àbúrò mi tó jókòó tì mí.

Nígbà tí oyún náà wọ oṣù kẹjọ, ó kó wá sílé wa ní Ali Kazaure, kí Ìyá lè wẹ ìyá àti ọmọ bí wọ́n ṣe máa ń ṣe é níhìn-ín, pẹ̀lú omi gbígbóná àti ewé, tàárọ̀ tìrọ̀lẹ́, títí ogójì ọjọ́. Inú Ìyá dùn. Èmi náà rẹ́rìn-ín, mo tẹ́ ẹní fún un. Lọ́sàn-án, tí ó bá sùn ní pálọ̀, mo máa ń jókòó tì í, mo ń ka èémí rẹ̀ mọ́ tèmi. Bí ó bá mí lẹ́ẹ̀kan, èmi á ti mí lẹ́ẹ̀mejì. Ó sùn pẹ̀lú oyún tó tó òkè, àyà rẹ̀ sì ń lọ sókè sódò bí ẹni tí kò ní gbèsè kankan láyé.

Kí n tó ṣàìsàn, èmi ni mo ń fẹ́ná ilé wa. Ìyá máa ń sọ pé èémí mi lè tan iná lára òkúta. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, mo kúnlẹ̀ sídìí àdògán èédú, mo fẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀kan, mo fẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀kejì, eérú fò sí mi lójú, ikọ́ sì gbé mi. Àbúrò mi jáde, ó gbé ikùn rẹ̀ síwájú, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ n bá yín fẹ́ ẹ." Ó fẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀mẹta, iná sọ. Ìyá ké láti inú yàrá pé, "Kai, ọmọ mi, sannu da aiki!" Ó kí i kú iṣẹ́, lórí iná tí mo ti ń fẹ́ fún ọgbọ̀n ọdún tí ẹnikẹ́ni kò kí mi. Mo wọ ṣọ́ọ̀bù lọ, mo gé orí ẹja mẹ́fà tí oníbàárà kò ní kí n gé.

Ó bí obìnrin ní ọsibítù, láìsí wàhálà. Wọ́n gbé ibi ọmọ fún mi nínú ike ọ̀dà funfun kan tó ní ìdérí, nítorí wọ́n mọ̀ pé a ó béèrè rẹ̀. Ní ilé wa, lẹ́yìn Bàbá, àkọ́bí ló ń sin ibi ọmọ. Bàbá wa ló fi lélẹ̀ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ó ti Ìlọrin wá ta aṣọ ládùúgbò Gangare níhìn-ín, tó sì ra ilẹ̀ yìí, ó gbin igi píà kan sẹ́yìn ilé, ìdí rẹ̀ ló sì sin tèmi sí. Ó máa ń sọ pé bí ẹnikẹ́ni bá bi wá pé kí la wá ṣe ní Jos, ká ní kó wá gbẹ́ ìdí igi píà wò. Ti àbúrò mi wà níbẹ̀, ti àwọn ọmọ mi wà níbẹ̀. Láti ìgbà tí Bàbá ti kú, ọwọ́ mi ni ọkọ́ wà.

Mo gbé ike náà dé ìdí igi, mo bẹ̀rẹ̀ sí gbẹ́lẹ̀. Ihò tí kò jìn tó ìgbọ̀nwọ́ mi, ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo jókòó sinmi. Ọmọ náà ń ké nínú ilé, igbe gígùn tí kò já, láti inú ẹ̀dọ̀fóró tí ẹnikẹ́ni kò tíì lò rí. Mo jowú rẹ̀. Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀, òótọ́ ni mo ń sọ, mo jowú ọmọ ọjọ́ kan. Mo wá wo ike náà. Mo ní ohun tí àwọn onímọ̀ ń wá kiri ló dé ọwọ́ mi yìí, èmi ni mo sì fẹ́ fi fún kòkòrò jẹ. Mo rọ́ iyẹ̀pẹ̀ padà sínú ihò òfìfo, mo gbé òkúta lé e. Mo gbé ike lọ sínú fìríìsà àtijọ́ tó wà lẹ́yìn ilé, ibi tí mo máa ń kó ẹja tí a ń jẹ nílé sí, mo fi ọ̀rá dúdú mẹ́ta wé e, mo sì fi ṣáwá àti kòtè bò ó mọ́lẹ̀. Ọjọ́ tí n ó padà rí dókítà ku ọjọ́ mẹ́tàlá.

Mi ò bi àbúrò mi. Ó yẹ kí n sọ èyí kedere, nítorí kì í ṣe pé mo gbàgbé. Mi ò fẹ́ bi í ni. Nínú òtútù àyà tí àwa méjèèjì jọ ní, ó ti mú èyí tó dára lọ, mi ò sì ní kúnlẹ̀ tọrọ àjẹkù lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọjọ́ mẹ́tàlá yẹn gùn. Bí wọ́n bá mú iná lọ báyìí, n ó ti máa bẹ aládùúgbò pé kó bá mi fa jẹnẹrétọ̀, nítorí mi ò ní agbára rẹ̀ mọ́. Ìyá ní, "Haba! Ẹja wo lo ń tọ́jú bí ọba báyìí?" Mo ní ẹja ti wọ́n. Láti ọjọ́ kẹrin, ọmọ náà ń sunkún. Yóò mu ọmú, yóò sunkún. Wọn yóò wẹ̀ ẹ́, yóò sunkún. Ìyá bẹ̀rẹ̀ sí wò mí. Ó ní, "Ìwọ, ṣé o sin ibi ọmọ yìí dáadáa? Ṣé o ò dojú ẹ̀ délẹ̀? Wallahi, bí wọ́n bá sin ín sódì, ọmọ kì í sinmi." Mo ní mo sin ín dáadáa. Ó tún bi mí lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ, lójú àfáà, lójú àwọn àlejò tó ń jẹ mọ́sà, mo tún ní mo sin ín.

Àbúrò mi ló dá a lóhùn. Ó ní, "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ẹ̀gbọ́n mi sílẹ̀. Inú ló ń run ọmọ." Ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́, ó ń gbá ọmọ lẹ́yìn, ojú rẹ̀ ti wọnú nítorí àìsùn. Kàkà kí n dúpẹ́, inú bí mi. Ó rọrùn fún ẹni tó ní èémí láti ní sùúrù, bẹ́ẹ̀ ni mo wí fún ara mi, mo sì lọ yẹ fìríìsà mi wò.

Nígbà tí ọjọ́ pé, mo gbé ike náà sínú kúlà, mo da yìnyín yí i ká, mo sọ fún wọn nílé pé mò ń lọ gbé ẹja fún oníbàárà kan kí n tó dé ọsibítù. Mo gbé e lé orí tábìlì dókítà. Mo ṣí i. Mo ní, "Ohun tí ẹ sọ nìyí. Mo ti rí i."

Kò rẹ́rìn-ín. Bí ó bá rẹ́rìn-ín ni, ì bá rọrùn fún mi. Ó dé e padà, ó lọ fọ ọwọ́, ó wá fa àga rẹ̀ súnmọ́ mi. Ó ní èyí tí wọ́n ń lò, kété lẹ́yìn ìbímọ ni wọ́n ti ń gbà á, níbi tí ìdọ̀tí kankan kò gbọdọ̀ dé. Wọ́n á ṣa sẹ́ẹ̀lì náà sọ́tọ̀, wọ́n á bọ́ ọ, wọ́n á yẹ̀ ẹ́ wò fún ọ̀pọ̀ ọjọ́ kó tó kan ara ẹnikẹ́ni. Pẹ̀lú gbogbo ìyẹn náà, kò sí ẹni tó tíì lè fọwọ́ sọ̀yà pé ó lè mú irú àpá tèmi kúrò. Ó ní ohun tó wà nínú ike yìí ti kú láti ọjọ́ tí mo ti fi ẹja bò ó.

Lẹ́yìn náà ló wá bi mí pé, "Ita ta ba ki?" Ó fẹ́ mọ̀ bóyá ìyá ọmọ ló fún mi. Ó ní ìyá ọmọ ni wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ bi, kí wọ́n tó fọwọ́ kan ohunkóhun. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, òun ló fún mi. Irọ́ náà jáde geere, kò gba èémí rárá. Dókítà ní kí n fẹ́ atẹ́gùn sínú ẹ̀rọ wọn, mo fẹ́ ẹ, ó ní ó sàn díẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ó ní kí n máa rìn, kí n sinmi, kí n tún máa rìn. Mo gbé kúlà mi, mo jáde.

Kẹ̀kẹ́ kì í wọ inú ọ̀nà ilé wa. Mo fi ẹsẹ̀ rìn ín pẹ̀lú kúlà lọ́wọ́, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo gbé e kalẹ̀. Èrò mi ni pé wọ́n á ti máa sùn lọ́sàn-án yẹn, kí n sáré sin ín kí ẹnikẹ́ni má mọ̀. Mo gba ẹ̀yìn ilé wọlé.

Àbúrò mi ló wà ní ìdí igi píà. Ọmọ wà lẹ́yìn rẹ̀, ó ti sùn. Ọkọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ti yí òkúta mi sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ti ṣí ihò òfìfo náà, ó sì ti gbẹ́ ẹ jìn dé orúnkún, bí Bàbá ṣe máa ń gbẹ́ ẹ.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú àbọ̀," ló wí. "Kí ni dókítà sọ?"

Mo jókòó sórí kúlà. "Ó ní ó ti kú."

"Áà. Mo ti ń gbàdúrà sí i o. Mo kàn gbẹ́ ihò sílẹ̀, bóyá ẹ máa gbé e padà."

"Ìgbà wo lo ti mọ̀?"

"Ọjọ́ kẹrin. Mo ń wá ẹja tí Ìyá máa fi se ọbẹ̀ ata fún mi. Mo rí ike náà, mo sì rántí ohun tí dókítà wí lọ́jọ́ tá a jọ lọ. Mo fi ẹja bò ó padà. Ẹ ò bò ó dáadáa, igun ẹ̀ ń yọ."

"Kí ló dé tí o ò sọ fún Ìyá? Gbogbo ẹkún ọmọ yẹn, gbogbo ọ̀rọ̀ tó ń sọ—"

"Tí mo bá sọ, á ní ká sin ín lọ́jọ́ náà." Ó sọ ọmọ sókè lẹ́yìn rẹ̀. "Bóyá ó máa ṣiṣẹ́, ta ló mọ̀? Ẹ̀gbọ́n mi, ta ló gbá mi lẹ́yìn ní Rayfield? Tí ẹ bá bi mí, ṣé mo máa ní rárá ni? Ohun tó dùn mí ò ju pé ẹ ò bi mí lọ."

Ẹkún gbé mi, ikọ́ tẹ̀ lé e, mi ò lè sun ẹkún náà parí nítorí ikọ́, mi ò sì lè wúkọ́ parí nítorí ẹkún. Láti ọyẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo ti ń bá a ṣọ̀tá lọ́kàn mi nítorí ohun tí ó ní tí èmi kò ní, òun sì ń gba ìbéèrè Ìyá àti àìsùn mọ́ra kí ẹ̀dọ̀fóró tèmi lè hù.

Nígbà tí mo dákẹ́, ó na ọkọ́ sí mi. Ó ní, "Ẹ̀yin ni àkọ́bí."

Mo gbé ike náà sọ̀ kalẹ̀ sínú ihò, mo yí ohun inú rẹ̀ sílẹ̀, mo dojú rẹ̀ sókè bí Ìyá ṣe ń fẹ́. Mo rọ́ iyẹ̀pẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, mo dúró mí. Mo rọ́ ọ lẹ́ẹ̀kejì, mo dúró mí. Bí ó bá gba ọkọ́ náà, kí n tó mí lẹ́ẹ̀mẹta, yóò ti parí rẹ̀. Kò gbà á. Ó dúró sí ẹ̀gbẹ́ mi pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn, kò wo ojú ọ̀run, kò mí kanlẹ̀, títí mo fi gbé òkúta padà sójú ihò. Mo jowú sùúrù yẹn náà, ju gbogbo èyí tó kù lọ.